Nígbà Tí Àlùfáà Méjì Ń Wá Ìyá Mi

Nínú ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà l'Ọ̀yọ́, ìyá mi kì í dìde nígbà Ara Olúwa. Bẹ́ńṣì wa á dìde, ìyáálé rẹ̀ á ṣáájú, àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ á tẹ̀ lé e, wọ́n á máa rọra lọ síwájú pẹpẹ. Ìyá mi nìkan ni yóò ṣẹ́kù, pẹ̀lú báàgì gbogbo wọn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti ọmọ ẹlòmíràn lórí itan rẹ̀. Orin á máa lọ, òun náà á máa gbè é.

Mo bi í nígbà kan tí mo ṣì kéré pé kí ló dé tí kì í bá wọn lọ. Ó ní, "Ìyá rẹ àgbà ti ń bá wa gbà á." Ìyáálé rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo rò pé ìyá mi ti ṣe ohun kan tí wọn kò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́, mo sì máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan ju pé ó fẹ́ bàbá mi lọ. Ìyàwó kejì ni. Bí Káńọ̀n wa, àlùfáà àgbà ìjọ náà, ṣe máa ń ṣàlàyé ìlànà náà ni pé ìyàwó àkọ́fẹ́ lè wá síbi tábìlì Olúwa, nítorí kò lọ́wọ́ nínú èyí tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ lé e. Ṣùgbọ́n ọkọ fúnra rẹ̀ àti ìyàwó tó fẹ́ lé e yóò jókòó. Wọ́n lè kọrin, wọ́n lè gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lè wá sí ìpàdé gbogbo, kí wọ́n ṣáà má ti kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Bàbá mi kò bìkítà. Kí wọ́n tó parí ìwàásù ló ti máa ń sùn. Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà ká lára, òun ni kì í sì í sọ ọ́.

Káńọ̀n kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ṣe ìrìbọmi fún gbogbo àwa ọmọ ilé náà. Nígbà tí ibà dá ìyá mi dúbúlẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń yà wò ó, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á ka Sáàmù fún un. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Tí ó bá fẹ́ bá ènìyàn wí, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn náà sílẹ̀ sí i, débi pé ẹni tó ń bá wí á ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́.

Nígbà tó yá, mo lọ́kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, ìyá mi palẹ̀ òwú àti bọ́tìnì tó ń tà l'ọ́jà mọ́, ó wá bá mi tọ́jú ọmọ. Ó ní òun ò ní pẹ́ lọ. Ó ń wí bẹ́ẹ̀ títí ọmọ fi ń rìn.

Ìjọ tí à ń lọ nítòsí ibẹ̀ kò tóbi. Ọkùnrin tó jẹ́ àlùfáà wọn, a mọ̀ ọ́n láti Ọ̀yọ́. Ó ti ṣe igbákejì lábẹ́ Káńọ̀n wa kí wọ́n tó gbé ìjọ tirẹ̀ fún un. Káńọ̀n fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà bí ọmọ. Ó tún ti lọ kàwé sí i lẹ́yìn náà, ìwàásù rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Ọ̀kadà ló ń gùn kiri, ìdí nìyẹn tó fi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣéènì ọ̀kadà ti fa etí kásọ́ọ̀kì rẹ̀ ya.

Ìyá mi jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó gbé ọmọ sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni àlùfáà wí, ó sì tẹrí ba. "Ẹ̀yin rèé ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Àlùfáà. Ọmọ ni mo wá tọ́jú."

Wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn. Mo ń wo ibi tí kásọ́ọ̀kì ti ya. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí Káńọ̀n ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun ti kọ́ ọ.

"Màmá, tí ẹ bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ má jókòó o. Tí àwọn tó kù bá dìde, kí ẹ bá wọn dìde."

Ìyá mi ń yọ òwú tó lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀. "Ìgbà wo ni wọ́n yí ìlànà padà?"

"Wọn ò tíì yí i padà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni tábìlì náà, Káńọ̀n náà kọ́ ló ni ín. Ẹni tó ni ín ti pè yín."

"Ẹ ṣé gan-an, Àlùfáà."

Mo mọ 'ẹ ṣé gan-an' yẹn. Bó ṣe máa ń dá àwọn aláròóbọ̀ tí kò ní ra ọjà wọn lóhùn nìyẹn. Nígbà tí ìró ọ̀kadà ti jìnnà, ó yíjú sí mi.

"Kí ló ń wá?"

"Màmá, ṣé ẹni tó bá fẹ́ ṣe wá lóore gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó ń wá ni?"

"Ó wà l'Ọ̀yọ́ nígbà tí mo ń jókòó. Òun ló ń gbé ife wáìnì. Ojú wa máa ń ṣe mẹ́rin. Ó rí mi, kò sì sọ nǹkan kan. Kí ló wá dé tó fi rí mi lónìí?" Ó tún ọmọ pọ̀n. "Ẹni tó bá ní òun ó dá ẹ̀wù fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò."

Mo rò pé àgbà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi ló là mí lójú. Ó ní àwọn àlùfáà agbègbè wa fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá, ọ̀rọ̀ olórogún àti Ara Olúwa sì wà lára ohun tí wọ́n máa sọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ti pín sí. Àwọn kan ní ìlànà tí àwọn bàbá ìjọ fi lélẹ̀ kò ṣeé yẹ̀. Káńọ̀n wa l'Ọ̀yọ́ ni olórí wọn. Àwọn kejì ní ìyà tí kò tọ́ ni wọ́n fi ń jẹ àwọn obìnrin. Àlùfáà wa ló ń gbẹnu sọ fún wọn. "Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́," ni ó wí. "Wọ́n ní Káńọ̀n sọ pé òun ti tọ́ ejò sínú ilé."

Mo dé ilé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó kàn mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a lọ sí ìsìn. Ìwàásù dá lórí àwọn tí ọba ránṣẹ́ pè wá síbi àsè. Àlùfáà ń sọ̀rọ̀ dáadáa, mo tilẹ̀ ń gbádùn rẹ̀, àfi bó ṣe dédé sọ pé, "Mo mọ ìyá kan. Ọ̀yọ́ ló ti wá. Ó gbá ilé Ọlọ́run títí ọwọ́ rẹ̀ fi le koko, ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, wọ́n ní kó máa ṣọ́ báàgì." Kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ló ti Ọ̀yọ́ wá nínú ìjọ kékeré bẹ́ẹ̀? Mo rí i tí àwọn orí ń yí padà níwájú wa. Obìnrin kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá mi, ẹ̀rín àánú. Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ ṣe. Nígbà tí bẹ́ńṣì dìde, ó jókòó, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára rẹ̀. L'Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó máa ń wò ó.

Lọ́nà ilé, a ti kọjá ìlà àwọn ṣọ́ọ̀bù kí ìyá mi tó yíjú sí mi. "O rí i báyìí," ló wí.

Ẹnì kan ti fi fóònù gba ohùn ìwàásù náà sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dé orí Wásáàpù àwọn obìnrin Ọ̀yọ́. Ìyáálé ìyá mi ló pè wá. Mo fi fóònù sórí tábìlì kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Wọ́n ti gbọ́ o," ni ó wí fún ìyá mi. "Káńọ̀n náà ti gbọ́, ó ní òun mọ ilé tí ẹ wà. Wọ́n ní o ti lọ fẹjọ́ wa sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Ìwọ fura sí mi."

"Ẹ má bínú. Gbogbo ènìyàn ni mo ń fura sí báyìí."

"Tí mo bá fẹ́ ṣe ọ́ níbi, ṣé ìsinsìnyí ló yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?" ni ìyá àgbà wí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ atẹ́gùn tó ṣí páànù ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n parí, ìyá mi wo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀. "Ta ló wá sọ ibi tí ilé yìí wà fún wọn?" ló bi mí. N ò ka ìbéèrè náà sí títí di ọjọ́ kejì, nígbà tí nọ́ńbà kan tí n ò mọ̀ pè mí. Káńọ̀n ni. Ó ní òun ti wà ní oríta Takie nínú ìlú, pé awakọ̀ òun ò mọ ọ̀nà mọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ pàdé wọn. Ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú kọ́là funfun lọ́rùn, bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń fi fèrè pariwo mọ́ wọn, ó sì ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ.

Nílé, ó gbé ọmọ mi, ó gbàdúrà fún un, ó mu omi. Ìyá mi jókòó sórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò tú gèlè.

"Ìyá, mo gbọ́ pé wọ́n ti ń fi yín ṣe àpẹẹrẹ."

"Èmi náà gbọ́, sà."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó sọ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ẹ ti gba Ara Olúwa lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ṣé tìtorí ìyẹn lẹ ṣe ti Ọ̀yọ́ wá, Káńọ̀n?"

Ó gbé ife omi sílẹ̀. "Mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n pè yín síbi ìpàdé wa. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ kàn sọ òótọ́, pé ìlànà náà kò dí yín lọ́wọ́ láti sin Ọlọ́run, pé kò sẹ́ni tó fìyà jẹ yín nínú ìjọ wa."

"Òótọ́ tèmi ni kí n sọ, sà, àbí òótọ́ tiyín?"

N ò gbọ́ kó bá Káńọ̀n sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ gbé ọmọ jáde, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Káńọ̀n rẹ ohùn sílẹ̀, ìyá mi kò sì sún mọ́ ọn. Káńọ̀n fúnra rẹ̀ ló wá ní láti tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Ìyàwó kẹta ni ìyá tó bí mi lọ́mọ," ló wí. "Ó jókòó títí ó fi kú. Èmi tí mo jẹ́ àlùfáà, èmi ni mo ń gbé ife kọjá níwájú rẹ̀. Tí mo bá wá sọ lónìí pé kò pọn dandan, kí ni mo fi ìyá mi ṣe?"

Ìyá mi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ìyá." Ohun tó wí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A sin ín dé ìdí mọ́tò.

Àánú Káńọ̀n ṣe mí, mo sì rò pé ó ṣe ìyá mi náà. Bí a ṣe ń padà wọlé ló bi mí pé, "Gbogbo ìgbà tí a fi wà l'Ọ̀yọ́, ṣé o gbọ́ ọ rí pé ìyàwó kẹta ni ìyá Káńọ̀n?"

"Rárá."

"Èmi náà ò gbọ́ ọ rí. Ó jókòó tì mí lórí àìsàn, ó rí mi nínú ìjókòó yẹn ní gbogbo oṣù, kò sọ ọ́. Ọjọ́ tó nílò mi ló sọ ọ́."

"Ṣé irọ́ lẹ rò pé ó pa ni?"

"Mi ò ní irọ́ ni. Mo ní ó pẹ́ kó tó sọ ọ́."

Èmi náà ò mọ̀ títí di òní bóyá òótọ́ ni. Mo ti fẹ́ bi àwọn àgbà l'Ọ̀yọ́ léèrè, mo sì ti bẹ̀rù ohun tí wọ́n lè sọ.

Nígbà tí ìyá mi ti rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ sílé àlùfáà. A bá a níta ilé, ó ń tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe, epo dúdú ní gbogbo ọwọ́. Ó fẹ́ sáré lọ gbé àga, ìyá mi ní òun ò jókòó.

"Àlùfáà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá. Tí kò bá sí ìjà láàárín ẹ̀yin àti Káńọ̀n, ṣé ẹ̀ bá rí mi?"

Ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́. Ó nù ún títí tí n ò fi mọ ohun tó kù tó ń nù.

"Màmá, mi ò mọ̀," ló wí níkẹyìn. "Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo wà l'Ọ̀yọ́, mo sì ń gbé ife kọjá níwájú yín."

Ìyá mi mi orí. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlùfáà kò lè pa á mọ́ra. "Màmá, ṣé ẹ ó tilẹ̀ lè wá bá wa sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé náà?"

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣàì bi mí," ni ìyá mi wí. "Rárá o, Àlùfáà. N ò ní wá sọ ti Káńọ̀n, n ò sì ní wá sọ tiyín. Àti pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí wàásù mọ́."

Ó ní òun gbọ́, ó tọrọ àforíjì. Lọ́nà, ìyá mi ní nínú àwọn méjèèjì, àlùfáà yìí ló sọ òótọ́ jù. Mo wá rò pé yóò dìde lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò dìde. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Tí mo bá dìde báyìí, òun ni mo dìde fún."

Wọ́n ṣe ìpàdé náà láìsí i. Wọ́n ní ohùn lọ sókè, pé Káńọ̀n nìkan ni tirẹ̀ ò lọ sókè. Ní ìkẹyìn wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, a ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa ìgbìmọ̀ náà mọ́. Kò pẹ́ sí i, wọ́n gbé àlùfáà wa kúrò lọ sí abúlé kan tí ọ̀nà ibẹ̀ ò dára. Àwọn kan ní ìjìyà ni, àwọn kan ní ibẹ̀ gan-an ló ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ. Ọjọ́ tó ń lọ, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù láti kí wa. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá màá rí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, n ò rí nǹkan kan ju aàrẹ̀ lọ. Káńọ̀n náà fẹ̀yìntì. Wọ́n ní ó kọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ìpàdé náà.

Àlùfáà tuntun tí wọ́n gbé wá, a ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwàásù rẹ̀ kúrú. Èmi àti obìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ń gbìyànjú láti mọ ẹ̀yìn ta ló wà nínú àwọn méjèèjì. A ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, a ń ṣọ́ àwọn tó ń bá jẹun. A ò rí i mọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, láìsọ fún mi, ìyá mi dìde. Mo ti dìde kí n tó rí i pé ó wà lẹ́yìn mi. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí àwọn tó kù. Àlùfáà tuntun náà dé ọ̀dọ̀ mi, ó kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀, kò dúró, ó fún un. Ife náà dé, ó mu. A padà sórí bẹ́ńṣì wa. Ó tẹ orí ba pẹ́.

Lóde, mo ní, "Màmá, ṣé kò yẹ kí a sọ fún un?"

"Ṣé ó bi mí ni?"

"Kò bi yín."

"Kò mọ̀ mí rí, kò fi mí jà, kò fi mí wàásù. Ó fún mi bó ṣe fún ìwọ náà. Èyí tí mo lè gbà nìyẹn."

Lẹ́yìn náà, ó wá kí wa nílé, bí àwọn àlùfáà tuntun ṣe máa ń lọ láti ilé dé ilé. Ó béèrè ibi tí ìyá mi ti wá. Ìyá mi ní Ọ̀yọ́ ni. "Ìjọ wo l'Ọ̀yọ́?" ló bi í, ìyá mi sì dárúkọ ìjọ wa, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Àlùfáà náà wò ó díẹ̀, bí ẹni tó ti gbọ́ nípa ìyá kan láti ìjọ náà. Ó ní, "Ẹ kú ilé o, Màmá," ó gbé omi tí mo bù fún un, ó mu ún tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe.